Fíríìsà Tí Dedei Dúpẹ́ Fún

A wo fídíò náà títí ojú fi ń ta mí. Obìnrin kan dúró sí etí òkun La, fíríìsà funfun ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa so ó yíká. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, àwọn ọkùnrin ń fi okùn fa ọkọ̀ apẹja gòkè, àwọn obìnrin sì ń gbé abọ́ sáré lọ pàdé ẹja. Obìnrin yìí na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo dúpẹ́ o, Kóòṣì Asiamah! Ẹ wo fíríìsà mi! Ó ti dọ́wọ́ mi!" Ibẹ̀ ló parí sí.

Obìnrin kan náà ló jókòó síwájú wa ní àgọ́ ọlọ́pàá Teshie, tó ń sunkún.

"Ṣé ìwọ nìyí?" Ìnsípẹ́kítọ̀ Ayorkor Nortey bi í.

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ohùn ẹ nìyẹn?"

"Ohùn mi ni."

"Fíríìsà wá dà?"

"Mi ò rí i gbà. Mo fi ìyá mi tó ti kú búra, Àǹtí, mi ò rí i gbà."

Èmi Sájẹ́ńtì Edem, tí mo ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀, mo ju bírò sórí tábìlì. Ẹ má bá mi wí, ó ti rẹ̀ mí. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹni tó bá jí ewúrẹ́, a ó bá irun ewúrẹ́ lára ẹ̀. Ní báyìí, wọ́n á ní àwọn fún ẹ ní nǹkan, wàá ní o ò gbà á, gbogbo ayé á sì ti rí ẹ níbi tó o ti ń dúpẹ́.

Dedei Sowah ni orúkọ obìnrin náà. Ẹja ló ń yan tà lábẹ́ àtíbàbà àwọn ẹlẹ́ja, létí òkun Teshie. Asiamah tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ọmọ Kumasi kan ni, lókè lọ́hùn-ún tí òkun ò dé, tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké lórí Wáàsáàpù bí wọ́n ṣe máa mú òwò wọn gbèrú. Òun ló dá ìdíje sílẹ̀: ẹni tí òwò rẹ̀ bá yí padà jù, tí ìbò rẹ̀ sì pọ̀ jù, á gba fíríìsà tó ń lo iná oòrùn. Dedei wọlé, gbogbo obìnrin àtíbàbà sì tì í lẹ́yìn. Wọ́n pe ẹbí, wọ́n pe ará, wọ́n pe ọmọ tó wà lókè òkun kó wá dìbò. Àdéhùn wọn ni pé bí fíríìsà bá dé, ti gbogbo wọn ni, kí ẹja tó bá ṣẹ́kù má baà máa bà jẹ́ mọ́. Dedei borí lóòótọ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, wọn ò rí fíríìsà, fídíò ni wọ́n rí. Ni wọ́n bá ní ó ti tà á jẹ. Ìyá Tsotsoo, olórí wọn, sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí fíríìsà ò yọjú, kí Dedei dìde nídìí ààrò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

"Ààrò yẹn ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi," Dedei ní. "Tí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, ibo ni kí n lọ?"

"Fídíò yìí ńkọ́?" mo bi í. "Ta ló fipá mú ẹ dúpẹ́?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, bùrọ̀dá. Wọn ò tíì kéde ẹni tó borí rárá nígbà tí mo ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni. Kóòṣì pè mí wá sí La, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan, kó kọ́kọ́ dúpẹ́ bí ẹni tó ti gbà á. Ó ní ìgbàgbọ́ ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. "Ta ló ń dúpẹ́ ohun tí kò tíì rí?"

"Gbogbo wa ni," Ìnsípẹ́kítọ̀ dá mi lóhùn, kò tiẹ̀ wò mí. "Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì èyí tó bá wù ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Wàá rí àpọ́n tó ń dúpẹ́ ìyàwó. Dìde, jẹ́ ká lọ."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, etí òkun pa rọ́rọ́. Àwọn ọkọ̀ sùn sórí iyanrìn, àwọn ọkùnrin jókòó sídìí wọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Lábẹ́ àtíbàbà, ààrò tutù, àwọn obìnrin ń kó eérú.

Ìyá Tsotsoo fún wa lága. Kò fún Dedei.

"Ìyá," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní, "ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ yìí gba fíríìsà?"

"Ìwọ ò lójú ni, Ayorkor? Gbogbo Teshie ló rí i tó ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀."

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Odarkor lorúkọ ẹ̀, òun àti Dedei jọ dàgbà lágboolé kan náà ni. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tún ń wá kiri? Ẹ lọ sílé ọtí Okaija, ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Fíríìsà funfun wà níbẹ̀, ó ń tutù nini. Ṣé ojú ọ̀run ló ti já bọ́ ni?"

"Odarkor!" Dedei pariwo.

"Má pè mí. Mo ní má dárúkọ mi mọ́."

Dedei yí ojú sí òkun. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti ààrò lọ.

*

Okaija rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni rí oníbàárà. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ni kí n gbé wá?"

"Gbé fíríìsà yẹn kúrò níbi tó wà," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní.

"Èmi nìkan?"

"Edem á ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Ẹ̀yìn mi tí mò ń fi òróró pa láràárọ̀! A gbé e, a fà á, a tì í. Ó funfun lóòótọ́, ó sì tóbi. Ojú mi ti ń tàn pé ọ̀rọ̀ parí, kí n máa lọ sílé lọ sinmi.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò wo fíríìsà. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wò. "Wá wò ó. Báwo ni ilẹ̀ yàrá yìí ṣe rí?"

"Ó dúdú. Ọtí ti dà sí i, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pa."

"Abẹ́ ibi tí fíríìsà wà ńkọ́?"

Mo wò ó. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ, àfi ìdérí ìgò àti òkú aáyán.

"Ọdún mélòó kan ni fíríìsà fi gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan kí ilẹ̀ tó rí báyìí," ó ní. "Ìyẹn ni pé ó ti wà níbí kí Asiamah tó mọ̀ pé wọ́n ń yan ẹja ní Teshie. Ẹ dá a padà sáyè ẹ̀."

"Àwa náà?" mo bi í.

"Ṣé èmi ni kí n gbé e?"

*

Lọ́jọ́ kejì a lọ bá Asiamah ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Spintex. Àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ara ògiri, ó ń nàka sí ẹni tó bá wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kò ga tó àwòrán náà. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó sọ wá di màmá àti bàbá lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ò rí ayé, màámi? Mo ṣoore, oore fẹ́ pa mí. Mo fún obìnrin yẹn ní fíríìsà, ó tún ń bà mí lórúkọ jẹ́."

"Ó mà ṣe o," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní. Ó yán. "Wàá dárí jì mí, ọmọ mi, àgbà ti ń dé, mo máa ń gbàgbé nǹkan. Ìgbà wo lo kéde ẹ̀?"

"Alẹ́ Ọjọ́ Ajé. Gbogbo ayé ló wò ó lórí fóònù."

"Fídíò yìí wá jáde ní..."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn."

"O wá fún un ní fíríìsà lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Rárá o. Láti Ọjọ́rú ni mo ti wà ní Kumasi, mo ń kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ lè wò ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà."

"Á jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkéde ni, bó ṣe wí."

Ó fò dìde. "Irọ́ ni! Báwo ni màá ṣe fún un nígbà tí mi ò tíì mọ ẹni tó borí? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, màámi. Mo kéde lọ́jọ́ Ajé, mo fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀, ní La. Ibẹ̀ la ti ya fídíò. Òun ló wá mọ́tò tó fi gbé e lọ. Ibi tó gbé e lọ, ẹ bi í."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dá ẹ lójú?"

"Bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á jẹ́rìí."

"Ó dáa. Àwọn obìnrin yẹn ló ń yọ mí lẹ́nu. Ṣé wàá lè wá sọ ọ́ lójú wọn lọ́jọ́ Ẹtì, kí gbogbo wa sinmi?"

Ojú rẹ̀ tàn. "Kí ló dé tí mi ò ní wá? Màá tiẹ̀ gbé kámẹ́rà wá, kí gbogbo ayé gbọ́."

"Ìyẹn á dùn mọ́ mi," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí.

Nínú mọ́tò mo ní, "Màdáàmù, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọmọkùnrin yìí kò gbọ̀n, kò kólòlò. Dedei ló parọ́."

"Edem, ọdún mélòó lo ti lò ní Teshie?"

"Ó ti lé lógún ọdún."

"O sì ń jẹ ẹja?"

"Ṣé èèyàn máa gbé Teshie kó má jẹ ẹja ni?"

Ó mi orí, ó gbé orí ti fèrèsé, ó sì sùn lọ. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Ogún ọdún ni mo ti ń fi mọ́tò gbé obìnrin yìí kiri, kò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi rí kó tó tó àkókò.

Nígbà tó jí, ó ní ká gba Madina lọ. "Ká ní òótọ́ ni Dedei sọ," ó ní, "pé ó ti dúpẹ́ kí wọ́n tó kéde. Asiamah fúnra ẹ̀ sọ pé òun ò tíì mọ ẹni tó máa borí nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ ìwọ, tó o sì fẹ́ ní fídíò ọpẹ́ nípamọ́, kí lo máa ṣe?"

Mo rò ó díẹ̀. "Màá ya gbogbo àwọn tó kù nínú ìdíje."

"Háà. O ṣì wúlò."

*

Serwaa, onídìrí kan, wà lára àwọn tó bá Dedei dé ìpele ìparí. Orí oníbàárà wà láàárín itan rẹ̀ nígbà tí a dé, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. Gbàrà tí a dárúkọ Asiamah, ọwọ́ dúró.

"Mi ò mọ nǹkan kan."

"A ò tíì bi ẹ́ ní nǹkan kan," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní. "Báwo lòwò?"

"A dúpẹ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kejì tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni."

"Àmín. Ẹ̀bùn wo ló tún ṣèlérí?"

"Ṣọ́ọ̀bù odindi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, ẹ má ní kí n fi fídíò ọpẹ́ mi hàn yín. Kóòṣì ní ẹni tó bá fi tiẹ̀ hàn ti fọwọ́ ara ẹ̀ da oore nù."

Mo wo Ìnsípẹ́kítọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó dárúkọ fídíò.

Serwaa náà ti mọ̀. Ó bo ẹnu, omi lé rórò sójú rẹ̀. Oníbàárà gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a máa parí lónìí?"

Mo fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ dá mi dúró. Ó fọwọ́ kan Serwaa léjìká. "Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì, Kóòṣì ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Teshie. Wò ó. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́."

*

Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ti dé láti òkun, ẹja kún ilẹ̀, èéfín gba gbogbo abẹ́ àtíbàbà. Ààrò Dedei nìkan ni kò ní iná. Ó jókòó sídìí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ tó dì sínú báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbà fún Ọlọ́run.

Asiamah dé nínú aṣọ funfun, ẹni tó ń ya fídíò tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ kí àwọn tó ń wò ó lórí fóònù kó tó kí ẹni tó wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin ajagunṣẹ́gun mi, ẹ kú ojúlọ́nà o! Òní ni òtítọ́ máa fojú hàn!"

"Sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ fún mi," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ó ti rí ibì kan fẹ̀yìn tì.

Ọmọkùnrin náà sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó kéde lálẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú, ó ti wà ní Kumasi. "Láàárín méjèèjì, ìyẹn Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀, mo fa fíríìsà lé arábìnrin wa lọ́wọ́ ní etí òkun La. Fídíò rẹ̀ rèé!" Ó gbé fóònù ńlá kan sókè kí gbogbo wọn rí i.

Ìyá Tsotsoo fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo pè é?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá."

"Sọ ọ́ kó dún."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun!"

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Tsotsoo kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá, ó tẹ ìka mọ́ ojú fóònù. "Ọkọ̀ tí wọ́n ń fà lẹ́yìn Dedei yìí, níbo ló ti ń bọ̀?"

"Láti... ojú òkun ni. Àwọn apẹja ni, Ìyá."

"Ẹja ló wà nínú abọ́ yìí?"

"Ó jọ ọ́."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?" Ó kọjú sí Asiamah. "Ọmọ Kumasi, etí ẹ dà? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ìyá ìyá mi, ọkọ̀ kan ò wọ òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní La o, ní Teshie o, ní Nungua o. Ọjọ́ ìsinmi òkun ni! Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á gba ọkọ̀, wọ́n á gba àwọ̀n, ojú á sì tì í dé ọmọ ọmọ. Ta ló wọ òkun fún ẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Mo gbá orí ara mi. Èmi tí mo fojú mi rí àwọn ọkọ̀ tó sùn sórí iyanrìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a wá! Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ tí ìyàwó mi ń ráhùn pé ẹja tútù wọ́n lọ́jọ́ yẹn.

"Bóyá mo ṣì í sọ," Asiamah ní. Òógùn ti bò ó. "Bóyá Ọjọ́rú ni."

"Ọjọ́rú o wà ní Kumasi, gbogbo ayé wò ẹ́," Ìnsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. Kò gbóhùn sókè. "O sì fẹnu ara ẹ sọ pé o ò padà títí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ọjọ́ tó ṣẹ́kù fún ẹ lẹ́yìn ìkéde. Ṣáájú ìkéde lo ya á, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ lọ sókun, bí ọmọ yìí ṣe ń sọ látẹ̀yìnwá tí ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́."

Ẹni tó ń ya fídíò kò mọ̀ bóyá kó pa kámẹ́rà àbí kó má pa á. Bó ṣe ń ṣiyè méjì lọ́wọ́ ni fóònù obìnrin kan dún, òmíràn dún tẹ̀ lé e. Ìnsípẹ́kítọ̀ gba ọ̀kan, ó nà án sí Ìyá Tsotsoo. Serwaa ti gbé fídíò ọpẹ́ tiẹ̀ síta. Ó dúró sí etí òkun La lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìsà, rìbọ́ọ̀nù pupa wà lára ẹ̀, ó na ọwọ́ sókè: "Mo dúpẹ́ o, Kóòṣì! Ẹ wo fíríìsà mi!" Kò pẹ́, aránṣọ kan gbé tiẹ̀ síta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Fíríìsà kan náà ni gbogbo wọn ń dúpẹ́ fún.

Asiamah jókòó sórí abọ́ kan tí wọ́n dojú dé. Aṣọ funfun rẹ̀ ti gba eérú.

"Ta ló ni fíríìsà?" mo bi í.

"Ṣọ́ọ̀bù kan. Mo yá a lo fún ọjọ́ kan ni. Ẹnì kan ṣèlérí pé òun máa fún mi ní fíríìsà gan-an kí ìdíje tó parí, kò mú un ṣẹ." Ó wo ilẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Mo dúpẹ́ mọ́tò lójú gbogbo èèyàn. Mi ò fojú kan mọ́tò dòní."

"O wá mọ bó ṣe ń dunni," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní. "O ṣì ṣe é fún un. Edem, mú un lọ sínú mọ́tò."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo tì í sẹ́yìn mọ́tò, mo padà wá dúró de ọ̀gá mi. Ìyá Tsotsoo ń bẹ Dedei lójú gbogbo wọn, ó ní ààrò ìyá ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa lé e níbẹ̀ mọ́. Dedei ní òun gbọ́, ó sì ń dáná. Wọn ò ní fíríìsà, wọn ò sì ní rí i. Ẹja ọjọ́ náà ti pọ̀ jù, wọ́n ní láti yan án kó tó bà jẹ́. Olúkúlùkù padà sídìí ààrò rẹ̀.

Odarkor nìkan ló dúró, ó ń fọwọ́ lọ́ etí aṣọ rẹ̀. "Dedei, má bínú."

Dedei ń to ẹja sórí àwo tí wọ́n fi ń yan án, kò gbójú sókè. "Nínú abọ́ kan la ti jọ ń jẹun láti kékeré. Gbogbo ayé lè sọ tiwọn. Ìwọ, Odarkor, o ò tiẹ̀ wá bi mí."

"Ẹ̀rù ló bà mí," Odarkor ní. "Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá bi ẹ́, wàá ní òótọ́ ni."

Dedei to ẹja títí àwo fi kún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó di etí kan àwo mú, ó gbìyànjú, kò gbé.

"Di ẹ̀gbẹ́ kejì mú," ó ní. "Ó wúwo."

Odarkor sáré wá dì í mú.